Aago Tíṣà

Ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta ní Ṣàṣà, nílùú Èkó, ẹni tó bá pè é ní ilé iṣẹ́ kàn fẹ́ dá wa lọ́lá ni. Yàrá méjì ni, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí àwọn alálùbọ́sà gba gbogbo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Òórùn àlùbọ́sà ló ń kí wa káàárọ̀, òun náà ló ń sìn wá délé. Ọ̀gá wa kọ ọ́ sára pátákó ìta pé iṣẹ́ wa kárí ayé. Oníbàárà wa tó jìnnà jù lọ wà ní Àgbàdo.

Ètò orí kọ̀ǹpútà tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ aládàáni fi ń ṣe èsì ìdánwò la ń kọ. Olùkọ́ á tẹ máàkì sí i, ètò náà á ro ó pọ̀, á fún ọmọ ní ipò, á sì tẹ káàdì jáde. Àwa mẹ́rin là ń kọ ọ́. Kí ẹnì kan má baà máa pa iṣẹ́ ẹnì kejì rẹ́, a ní irinṣẹ́ kan tó ń tọ́jú ìtàn iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá tún nǹkan ṣe á fi í pamọ́ síbẹ̀, irinṣẹ́ náà á kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí, bí nǹkan bá sì bàjẹ́ lónìí, a lè padà sí bó ṣe wà lánàá. Àwọn òyìnbó kan tí a kò rí rí ló ṣe é, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì fi sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Àpótí là ń pè é láàárín ara wa.

Kí n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀, kò sí ẹni tí mo kà sí nínú ọfíìsì yẹn. Ọ̀gá wa kò lè kọ ìlà kóòdù kan ṣoṣo kó ṣiṣẹ́. Íńkì ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló ń tà tẹ́lẹ̀ kó tó gbọ́ pé owó wà nídìí ètò ilé ẹ̀kọ́. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ni àdúrà àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ogójì ìṣẹ́jú gbáko, a ó wà lórí ìdúró, tí iná bá sì wà lásìkò yẹn, èyí tí à bá fi ṣe nǹkan gidi á máa ṣòfò lọ. Àwọn ọkùnrin méjì tí a jọ ń kọ ètò náà mọ orúkọ gbogbo agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ òyìnbó, wọn kò mọ ohun tí kóòdù tí àwọn fúnra wọn kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá ń ṣe. Èmi nìkan lobìnrin níbẹ̀, èmi nìkan ni mo sì gbà pé mo mọ iṣẹ́.

Ẹnì kẹrin ni Tíṣà. Ará Èkìtì ni. Ó ti lé ní ogún ọdún tó fi kọ́ àwọn ọmọ ní Jọ́gíráfì àti Ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba kan lọ́nà Ìpájà. Nígbà tó kù díẹ̀ kó pé àádọ́ta ọdún ló fi fóònù kọ́ ara rẹ̀ ní kóòdù kíkọ, ló bá kọ̀wé fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀. Ọ̀gá wa gbà á fún oṣù mẹ́ta ìdánwò. Bí ìdánwò náà bá yọrí sí rere, ó di òṣìṣẹ́. Bí kò bá yọrí, kó máa lọ. Ìjọba kì í sì gba ẹni tó fi í sílẹ̀ padà. Ìyàwó rẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, ọmọ wọn méjì wà ní yunifásítì, gbogbo wa la sì mọ̀ pé iṣẹ́ yìí nìkan ló kù tó dì mú.

Bó ṣe ń ṣe nǹkan máa ń bí mi nínú. Táì ni yóò dè wá sí Ṣàṣà nínú oòrùn. Yóò kọ́kọ́ fi pẹ́ńsùlù kọ kóòdù sínú ìwé àkọsílẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́, yóò fi bíléèdì gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsùlù náà, yóò sì kó èérún rẹ̀ sínú bébà. Kọ̀ǹpútà tó burú jù ni wọ́n fún un, tòkunbọ̀ kan báyìí tí bátìrì rẹ̀ kò gba iná dúró mọ́, tí bátìrì kékeré inú rẹ̀ tó ń mú aago rìn náà sì ti kú. Bí wọ́n bá ti mú iná lọ, ẹ̀rọ náà á kú fin-ín. Tó bá tún tàn án, aago rẹ̀ á ti padà sí ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1970, agogo méjìlá òru géérégé. Bí Tíṣà bá rántí, á fi aago ọwọ́ rẹ̀ tún un ṣe. Bí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lára, kì í rántí.

Àwa mẹ́ta yòókù kì í jẹ́ kó sinmi. Bí a bá ti rí 1970 lára iṣẹ́ rẹ̀ nínú àpótí, ẹnì kan nínú wa á ní, "Tíṣà, ṣé ogun abẹ́lé ti parí lọ́dọ̀ yín?"

Á rẹ́rìn-ín. "Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì."

Ó bẹ ọ̀gá pé kí wọ́n bá òun ra bátìrì aago náà. Ọ̀gá ní kó jẹ́ kí ìdánwò rẹ̀ parí ná.

Ọ̀sẹ̀ tí ìdánwò náà máa parí ni gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yẹn, mo gbé ẹ̀dà tuntun àpótí náà wá láti ilé nínú fíláàṣì. Kò sẹ́ni tó rán mi. Mo ti kà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé ó ti jáde, ojú sì ń tì mí pé ti àtijọ́ la ṣì ń lò. Mo fi í sórí gbogbo kọ̀ǹpútà ọfíìsì, mo pa ti àtijọ́ rẹ́. Tíṣà wò mí títí tí mo fi dé orí tirẹ̀.

"Ọmọ mi, kí ló ṣe ti tẹ́lẹ̀?"

"Kò ṣe nǹkan kan, sà. Ayé ń lọ ni. Àbí ẹ fẹ́ ká dúró sí 1970 pẹ̀lú yín?"

Àwọn ọkùnrin méjì yẹn rẹ́rìn-ín títí. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín, ó sì dìde kí n lè jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, iná ń lọ, ó ń bọ̀, bí ẹni ń bá ọmọdé ṣeré. Agogo méjì ọ̀sán kọjá díẹ̀ nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà kígbe pé àpótí òun ti kú. Mo ní kó sún sẹ́yìn. Mo ṣí i fúnra mi: bó ṣe fẹ́ ka ìtàn iṣẹ́ náà báyìí, ó pòórá lójú ẹ̀rọ, kò tilẹ̀ sọ ohun tó ń ṣe é. Mo lọ sídìí tèmi, ohun kan náà. Ẹ̀rọ àgbà tí iṣẹ́ gbogbo wa ń wọnú rẹ̀, ohun kan náà. A kò lè gbé iṣẹ́ wọlé, a kò lè gbé e jáde. Ilé ẹ̀kọ́ méje, láti ìbùdókọ̀ Command títí dé Àgbàdo, sì ń dúró de ètò tí a ti tún ṣe, torí ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fẹ́ pín èsì kí àwọn ọmọ gba ìsinmi.

Ọ̀gá wa jáde láti yàrá kejì. "Ta ló fọwọ́ kàn án kẹ́yìn?"

Tíṣà ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ló wọlé kẹ́yìn kí gbogbo rẹ̀ tó dákú. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́.

"Mo mọ̀," ọ̀gá wí. "Mo ti mọ̀ pé wàhálà ló máa dà. Tíṣà, ẹ gbọ́ o. Fráídè lẹ máa pé oṣù mẹ́ta. Tẹ́ ò bá lè fi hàn mí kó tó dìgbà yẹn pé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́, ká kúkú dágbére fún ara wa jàre."

"Ẹ má bínú, sà," ni Tíṣà wí. "Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wò ó."

Ọ̀gá yìí kò ju ẹni ogójì ọdún lọ. Àgbàlagbà ọkùnrin, pẹ̀lú táì lọ́rùn, ń pe ẹni tó jẹ́ àbúrò rẹ̀ ní sà. Mo gbójú kúrò. Inú ń bí mi sí i ju bó ṣe ń bí mi sí ọ̀gá lọ.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, ọ̀gá gbé òróró àdúrà wá. Ó fi í pa orí ẹ̀rọ àgbà, ó fi sára bọ́tìnì tí a fi ń tàn án, ó ní ọ̀tá kan kò fẹ́ kí ilé iṣẹ́ náà gòkè. Mo rọra fi etí aṣọ mi nù ún nígbà tó wọlé. Ní ọ̀sán, ó mú arákùnrin kan wá láti ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó ní ọ̀mọ̀wé ni nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Kóòtù ló wọ̀, fóònù méjì lọ́wọ́, kò sì jókòó, bóyá nítorí kí aṣọ rẹ̀ má baà rún. Ó wo ojú ẹ̀rọ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta.

"Dátà yín ti díbàjẹ́," ló wí.

"Dátà wo, sà?" ni mo bi í.

"Gbogbo ẹ̀."

Ó ní ká nu gbogbo ẹ̀rọ, ká bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ká sì ra ètò kan tí òun fúnra òun ń tà. Ọ̀gá ń mi orí. Ó bojú wo Tíṣà, ó ní, "Ẹ ò rí i? Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta."

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tó gbé mi dìde, torí mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ ìtàn yìí bíi pé oore ni mo ṣe. Àánú Tíṣà kọ́. Ara mi kò gbà á kí aláṣọ kóòtù yẹn borí. Ẹni tí kò lè tọ́ka sí ibi tó ń dunni, tó ní ká gé gbogbo ẹsẹ̀ dànù! Mo sọ fún ọ̀gá pé kó fún mi di ọjọ́ Ẹtì.

Mo ṣe ẹ̀dà ìtàn iṣẹ́ náà sọ́tọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé e sí méjì. Bí a ṣe ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì ni: o da ìdajì sórí àwo kan, ìdajì sórí èkejì, èyí tí òkúta wà níbẹ̀ lo tún pín. Ìdajì tó bá ṣí láìkú, mo pa á tì. Èyí tó bá kú, mo tún gé e. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Nígbà tó fi di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ mi. Bí mo bá yọ ọ́ kúrò, àpótí ń ṣí. Bí mo bá dá a padà, àpótí ń kú.

Ti Tíṣà ni. Ọdún 1970 ló wà lára rẹ̀.

Inú mi dùn. Mo ní, ẹ ò rí i, aago ẹlẹ́yà yẹn náà ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo inú ìtàn náà dáadáa, mo rí àkọsílẹ̀ mẹ́fà mìíràn tí Tíṣà ti fi ọdún 1970 ṣe láàárín oṣù mẹ́ta náà. Àpótí ń ka mẹ́fẹ̀ẹ̀fà láìsí ìjà. Ọdún kan náà, ọjọ́ kan náà, ẹ̀rọ kan náà. Kí ló dé tí ìkeje fi ń pa á? Mo jókòó tì í fún wákàtí méjì, kò yé mi, ẹnu sì wúwo fún mi láti béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Tíṣà ló wá fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi.

"Ọmọ mi, aago mélòó ló wà lára mẹ́fà tó ṣí yẹn?"

Mo kà wọ́n fún un. Agogo kan kọjá ogún ìṣẹ́jú. Agogo mẹ́ta kọjá. Agogo méjì. Kò sí ìkankan tí kò tó agogo kan.

"Èyí tó ń pa á ńkọ́?"

"Agogo méjìlá òru kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún."

Ó ṣí ìwé rẹ̀. "Iná ń lọ léraléra lọ́jọ́ yẹn. Mo ní kí n tètè fi iṣẹ́ pamọ́ kó má baà tún lọ." Ó fa àga, ó jókòó, ó ya ayé róbótó sínú ìwé náà, ó fa ìlà kan gba àárín rẹ̀ kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Greenwich nìyí. Ibẹ̀ ni gbogbo ayé ti ń ka aago. Aago tiwa fi wákàtí kan ṣáájú tiwọn. Irinṣẹ́ yìí, láti ìgbà wo ló ti ń ka àkókò tirẹ̀?"

Mo mọ ìyẹn bí ẹni mowó. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970, ní aago Greenwich, ló ti ń ka ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan.

"Ó dáa. Nígbà tí tiwa jẹ́ méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún lórí ẹ̀rọ mi, aago mélòó ló jẹ́ níbẹ̀?"

Mo yọ wákàtí kan kúrò nínú rẹ̀. Ọdún yẹn kò tíì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ọdún tó ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n ṣì wà. Iye tí irinṣẹ́ náà fẹ́ kà ti jìn sí abẹ́ òdo, kò sì mọ ohun tí à ń ṣe sí iye tó wà lábẹ́ òdo. Àwọn mẹ́fà yòókù ti kọjá agogo kan, wọ́n ti bọ́ sókè òdo, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń là á já.

"Ṣé ti tẹ́lẹ̀ lè kà á?" ni Tíṣà béèrè. Ohùn rẹ̀ kò yí padà rárá.

Mo wá ẹ̀dà àtijọ́ jáde nínú fíláàṣì mi, mo fi í sórí ẹ̀rọ kan, mo fi àkọsílẹ̀ tó ń pànìyàn yẹn síwájú rẹ̀. Ó kà á. Kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Mo fi tuntun síbẹ̀, ó kú. Mo tún gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mejì, ohun kan náà ni. Ohun tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀ ni wọ́n wá bàjẹ́ nígbà tí wọ́n ní àwọn ń tún un ṣe.

Ẹ̀gàn tí mo gan àwọn òyìnbó yẹn lọ́jọ́ náà kò ṣeé kọ sílẹ̀ tán. Ìlú tí iná kì í lọ ni wọ́n ti dán an wò, lórí ẹ̀rọ tí aago rẹ̀ kì í kú. Ẹni tó bá ń gbé lápá ìwọ̀-oòrùn Greenwich, aago rẹ̀ ì báà kú títí, kò lè rí i láé. Ó di dandan kó jẹ́ ẹni tó ń gbé lápá ibi tí oòrùn ti ń yọ, tó ń lo tòkunbọ̀, tó ń bẹ̀rù pé iná máa lọ, tó sì fẹ́ ṣe iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìṣọ́ra. Mo bú wọn títí tó fi rẹ̀ mí. Tíṣà ń gbẹ́ pẹ́ńsùlù rẹ̀. Mo dá ẹ̀dà àtijọ́ padà sórí gbogbo ẹ̀rọ, kó sì tó di ìrọ̀lẹ́, ètò ti wà lọ́nà ilé ẹ̀kọ́ méjèèje.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọ̀gá pe èmi àti Tíṣà wọlé. Mo ṣàlàyé. Mo sọ̀rọ̀ Greenwich, mo sọ̀rọ̀ òdo, mo sọ̀rọ̀ ẹ̀dà tuntun àti ti àtijọ́. Mo rí i lójú rẹ̀ pé kò gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀. N kò sọ pé Tíṣà ló ya ayé sínú ìwé. Mo ń dúró kí ọ̀rọ̀ náà débẹ̀, ni mo sọ fún ara mi.

"Ta ló gbé ẹ̀dà tuntun yẹn wá?" ni ọ̀gá béèrè.

"A gbé e wá ni, sà. Ká lè bá ìgbà mu."

Bí mo ṣe wí nìyẹn. A. Bí ẹni pé gbogbo wa la jọ di fíláàṣì náà mú láti ilé mi wá.

Ọ̀gá ronú díẹ̀. "Wá ná. Ká ní aago Tíṣà pé, ṣé ó máa kú?"

"Kò ní í kú, sà."

"Ehn-ehn!" Ó lu tábìlì. "Ohun tí mo ti ń sọ látọjọ́ Túsìdeè ṣá nìyẹn. Aago wọn ló fà á. Sisí, o ṣeun, ìwọ lo yọ wá. Tíṣà, ẹ ṣé o, Ọlọ́run á ṣí ọ̀nà míì."

Tíṣà bojú wò mí. Kò pẹ́, bí ẹni ń wo ọmọ kíláàsì tó mọ ìdáhùn tí kò nàwọ́. Ó lè sọ ọ́. Gbogbo ọfíìsì ló rí mi lọ́jọ́ Ajé, òun gan-an ló dìde fún mi nídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Kò sọ ọ́. Mo dúró síbẹ̀. Èmi tí mo ń fi ẹnu gún gbogbo ayé bí abẹ́rẹ́, n kò rí gbólóhùn kan sọ. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á lé mi nínú ọfíìsì tí n kò kà sí nǹkan kan.

Ó kó pẹ́ńsùlù rẹ̀ sínú àpò, ó bọ àwọn ọkùnrin méjì náà lọ́wọ́. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó fa ojú ìwé tó ya ayé sí ya, ó nà án sí mi.

"Kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àwọn tó ṣe é," ló wí. "Kó má tún lọ ba iṣẹ́ ẹlòmíì jẹ́."

Mo kọ ọ́ ránṣẹ́. Mo kọ ọ́ dáadáa, n kò fi nǹkan kan pamọ́ nínú ohun tó kan irinṣẹ́ náà. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí wọ́n fi tún un ṣe, wọ́n sì dúpẹ́ ní gbangba lọ́wọ́ ẹni tó bá wọn rí àléébù náà. Orúkọ mi ni wọ́n kọ. Ó wà níbẹ̀ títí di òní, ẹni tó bá wù lè kà á.

Òun ni mo fi gba iṣẹ́ tí mo ń ṣe báyìí, ní ọfíìsì tí òórùn rẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò, ọkùnrin kan níbẹ̀ ti kà nípa rẹ̀, ó sì yà á lẹ́nu. Ó bi mí pé báwo ni mo ṣe ronú kan wákàtí kan tó wà láàárín Èkó àti Greenwich. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo sọ fún un pé láti ilé ẹ̀kọ́ girama ni orí mi ti pé nínú Jọ́gíráfì.